Bí Píkọ́ọ̀pù Mi Ṣe Jí Dìde ní Ijoku

Ijoku, Ṣàgámù.
Ọjọ́ kejì ọjà.

Ọmọ́yẹni ọmọ mi, ọmọ tí mo fi gbànja rán níléèwé títí tí àwọn tíṣà fi ní ìwé tán lọ́wọ́ àwọn,

Mo kí ọ o. Ìwé yìí yóò bá ọ lórí ìdúró, kò ní bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Kò ní bá ọ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, kò ní bá ọ ní ọsibítù, kò sì ní bá ọ lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ bá ń wá ẹni tí yóò dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Àṣẹ. Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹun bí ọkùnrin báyìí? Àwọn ọmọ ńkọ́? Onílé yín ńkọ́, ṣé inú rẹ̀ ti rọ̀? Ní tiwa níhìn-ín, a wà, a ò kú. Màmá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ náà wà, àwọn méjèèjì ló sì jọ ń bá mi ṣọ̀tá láti òwúrọ̀. Gbànja so lọ́dún yìí bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, òjò kò sì tíì lọ tán.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń kọ ìwé nígbà tí o ti ra fóònù fún mi. Fóònù dára, mi ò bú u. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí ohun kan nípa rẹ̀. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ohùn rẹ máa ń já gaara bí ẹni pé inú ilé ìdáná wa lo wà. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kú àti ẹni tó bímọ, ó ń já gaara. Kí n ṣáà ti dárúkọ owó báyìí, ìwọ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ọ̀rọ̀ á sì kú sí mi lẹ́nu. Mo ti sọ fún màmá rẹ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí mọ owó, ó sì kórìíra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò. Ìwé kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wàá kà á dé ibi tí owó wà. Èmi fúnra mi ni mo sì kọ ọ́, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìwé kejì péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní kí n wá gbé agbọ̀n obì, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ wa tó kàwé dé òpin, ta ló ra ọkọ̀ nínú wọn? Dá mi lóhùn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Píkọ́ọ̀pù mi ti jí dìde.

Mo mọ̀ pé wàá ti fọwọ́ bo ẹnu. Píjó mi aláwọ̀ ewé yẹn náà ni. Owó tí mo fi rà á, orí mi ló rù ú, agbọ̀n kan tẹ̀ lé òmíràn láti oko dé ọjà obì ní Sábó, kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kún un fún mi. Lọ́jọ́ tí mo wà á wọ Ijoku, tọmọdé tàgbà ló jáde, àwọn tó ti ń pè mí ní alágbọ̀n tẹ́lẹ̀ di ẹni tó ń pè mí ní bàbá ọlọ́kọ̀. Ìwọ náà jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ sí iléèwé, o máa ń yọ ahọ́n sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ tó ń fẹsẹ̀ rìn. Mo rí ọ nínú dígí, mi ò bá ọ wí, nítorí mo gbà pé ó tọ́. Ìgbà tí o ń múra ìdánwò àṣejáde ló dúró síwájú ilé wa létí títì, tí ó ní òun ò lọ mọ́. Èmi kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó bàjẹ́. Mo ní ó ń sinmi. Ìjọba pàápàá ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìn tì, kò sí ẹni tó ń pè wọ́n ní irin àlòkù.

Ìwọ ní kí n tà á fún ọ̀rẹ́ ọ̀gá rẹ kan ní Èkó, tó ń kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sínú ilé ńlá, tí àwọn èèyàn ń sanwó wọlé láti wò wọ́n, o ní fíńtéèjì ni orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. Mo ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ohun àtijọ́ bá níye lórí tó bẹ́ẹ̀ ní Èkó, kí ló dé tí ẹ kò fi wá wo èmi? Mo dàgbà ju ọkọ̀ náà lọ, mo sì ń fẹsẹ̀ ara mi rìn. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé wọ́n ti fi píkọ́ọ̀pù mi joyè ní Èkó, òun ni Fíńtéèjì Ṣàgámù. Ẹni tó bá ń ṣe ìlara, kó máa ṣe é lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n jí i ni Ọmọ́bọ̀wálé. O mọ̀ ọ́n, ọmọ àbúrò mi tó ti dolóògbé, tó padà wálé láti Èkó lọ́dún tó kọjá pẹ̀lú báàgì kan àti ṣòkòtò tó ya lórúnkún, tó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe rà á. Ó ní òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú agboolé wa, ojú ibi tí píkọ́ọ̀pù mi wà gan-an, kí àwọn èèyàn máa wá gba owó pí-ó-ẹ́ẹ̀sì níbẹ̀. Mo bi í pé owó ta ni yóò máa fún wọn. Ó ní owó àwọn fúnra wọn ni. Mo ní tóò, o máa kó owó wọn fún wọn, wọ́n sì tún máa sanwó fún ọ nítorí pé o kó owó wọn fún wọn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ọmọ́yẹni, nígbà tiwa, ọlọ́pàá là ń pè sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mi ò gbà. Ló bá gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Bàbá Ifáyẹmí, olórí ẹbí wa, wọ́n sì pe ìpàdé. Ọmọ́bọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní ẹ̀yin bàbá mi, ilẹ̀ ẹbí ni o, irin tó ti kú ni wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ tí ejò ń bímọ sí, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé e lọ. Mo dìde. O mọ bí mo ṣe máa ń dìde nípàdé, tí màá kọ́kọ́ ká apá agbádá sókè kí n tó la ẹnu. Mo ní kí ni òfin ilé wa? Ṣé kì í ṣe pé ẹni tó bá gbin igi obì sórí ilẹ̀ ẹbí, níwọ̀n ìgbà tí igi náà bá ń so, kò sí ẹni tó lè lé e kúrò nídìí rẹ̀? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó dáa, èmi ò gbin obì síbẹ̀, píkọ́ọ̀pù ni mo gbìn. Owó obì ni mo fi rà á, obì ló rù títí ó fi sinmi, nítorí náà igi obì ni. Lọ́yà kan kò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bàbá Ifáyẹmí fọwọ́ nu ẹnu, ó ní àwọn gbọ́, igi ni. Ó ní ṣùgbọ́n igi tí kò so mọ́, igi ìdáná ni. Ó ní bí ó bá wà láàyè, kí ó so kí àwọn rí i, kí ó ru gbànja láti ẹnu ọ̀nà wa dé Sábó lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ, kí wọ́n má ṣe tì í. Bí ó bá ru ú dé, ojú ilẹ̀ náà tèmi ni. Bí kò bá ru ú dé, kí wọ́n gé e. Ni Ọmọ́bọ̀wálé bá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lọ sọ́jà ló ń rí ọkọ̀ náà níbẹ̀, tó ń mọ̀ pé èmi tí mi ò jogún abẹ́rẹ́, mo dẹni tó ní mọ́tò. Bí wọ́n bá gbé e lọ tán, ta ni yóò tún máa sọ ọ́ fún wọn? Mi ò lè máa dúró létí títì lójoojúmọ́ kí n máa sọ ọ́ fúnra mi. Màmá rẹ ní mo lè ṣe é.

Mo ránṣẹ́ pe Tawfiq, ọmọ Lìádì tó ń ta obì ní Sábó, mẹkáníìkì ni, nítòsí Íntáṣéńjì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ náà dé tòun ti kọ̀ǹpútà lábíyá. Ó ní àwọn kì í tú ọkọ̀ wò mọ́ báyìí, okùn kọ̀ǹpútà ni àwọn ń kì bọ̀ ọ́ lára, ọkọ̀ á sì jẹ́wọ́ ohun tó ń ṣe é. Ó wá ihò tí yóò ki okùn bọ̀ lábẹ́ sitiárìn, ó wá a lábẹ́ àga, ó wá a títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo èmi náà tìfura-tìfura. Kò sí. Mo ní ọkọ̀ gidi ni, kì í jẹ́wọ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti fi okùn kàn, tó sì ń ka àṣírí olówó rẹ̀ fún mẹkáníìkì, ṣé ọkọ̀ nìyẹn àbí olófòófó? Tawfiq rọra gbé kọ̀ǹpútà padà sápò.

Bí ó ṣe fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni màmá rẹ sáré jáde tòun ti orúnkún, ó ní ẹ dúró, ẹ dúró. Àṣé obìnrin yìí ti sọ ọkọ̀ mi di àká! Agbọ̀n gbànja rẹ̀ ló tò síwájú níbi tí mo máa ń jókòó, ó fi ewé bò wọ́n, ó sì ń fi kọ́kọ́rọ́ mi tì í. Adìẹ rẹ̀ yé sórí ibi tí bátìrì máa ń wà. Mo ní ìwọ obìnrin yìí, mọ́tò ni o. Ó ní òun mọ̀, ó ní mọ́tò náà kò wúlò tó báyìí rí nígbà tó ń rìn, inú rẹ̀ tutù, eku ò ráyè wọlé, kì í mu epo, kò sì gbé ọkọ òun lọ sí ibi tí òun kò mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá bi òun nípàdé ni, òun ìbá ti sọ fún wọn pé ó ń so lójoojúmọ́, ẹyin nìyí. Wọn kì í bi obìnrin nípàdé wa. Mo ní kó gbé adìẹ rẹ̀.

Tawfiq tú u. Agbọ́n ti kọ́lé sínú páìpù epo, eku ti kó ìtẹ́ sínú sáléńsà, púlọ́ọ̀gì ti dípẹtà, kábúrétọ̀ sì ti gan bí ẹnu ẹni tó ń bínú. Nígbà tí ó dé ibi kábúrétọ̀ yìí, ó fi fóònù rẹ̀ pe òyìnbó kan tó ní irú ọkọ̀ náà ní ìlú wọn. Òyìnbó náà yọ lójú fóònù, ọwọ́ rẹ̀ kún fún gíríìsì, ó ń tú tiẹ̀ náà. Mo ṣí fìlà, mo kí i, mo ní ilé ńkọ́, ìyàwó ńkọ́. Kò dá mi lóhùn. Mo tún kí i, mo pariwo. Tawfiq ní bàbá, kò lè gbọ́ yín o. Mo ní ó yẹ kí n ti mọ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì máa ń di wọ́n létí. Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé nígbàkígbà tí Tawfiq bá fẹ́ wá sípánà, á fi ìka kan òyìnbó náà lójú, òyìnbó náà á sì dúró gan-an pẹ̀lú apá lókè, kò ní mí, kò ní ṣẹ́jú, títí tí ọmọ yìí á fi rí sípánà rẹ̀. Mo bá a wí. Mo ní wọn kì í fi apá àgbàlagbà kọ́ òfuurufú báyẹn, bàbá onírun funfun. Mo ní kó jẹ́ kí ọkùnrin náà lọ jẹun kí a tó máa bá iṣẹ́ lọ. Ó ní ó dáa, bàbá, òun ti ní kó lọ.

Owó tí o fi ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún màmá rẹ ni mo fi ra bátìrì. Má bínú. Ọkọ̀ tó bá ń rìn ló máa gbé orúnkún náà lọ sí ọsibítù, nítorí náà orúnkún náà ló ra bátìrì fún ara rẹ̀. Bí mo ṣe ná owó náà tán ni báǹkì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù mi láti bá mi dárò pé owó ti jáde. Inú mi dùn sí wọn, àfi ìgbà tí mo rí i pé wọ́n tún yọ díẹ̀ nínú ìyókù nítorí ìdárò náà. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, kí èèyàn bá ọ sunkún kó sì gba owó omijé. Mo tún ní kí ọmọ tó ń ta káàdì fóònù létí títì bá mi so nọ́ńbà píkọ́ọ̀pù mọ́ nọ́ńbà fóònù mi, torí mo gbọ́ pé gbogbo nǹkan ni ìjọba ní kí a máa so pọ̀ báyìí. Bí olè bá gbé e, màá kàn pè é ni, màá sì gbọ́ ibi tí fèrè rẹ̀ ti ń dún. Ọmọ náà gba owó, ó ní ó ti so ó.

Ọjọ́ ọjà pé. Gbogbo agboolé ló jáde. Ọmọ́bọ̀wálé ti da yanrìn sílẹ̀ létí títì, àwọn bíríkìlà rẹ̀ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Tawfiq fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ọkọ̀ wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún fi sí i, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Ọmọ́bọ̀wálé ní bàbá ọlọ́kọ̀, ẹ fún un ní àgbo. Àwọn bíríkìlà rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ agbádá, mo mú irin gbọọrọ tí wọ́n fi ń yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, mo kì í bọ ihò rẹ̀, mo pe orúkọ bàbá mi, mo yí i. Ó bú! Èéfín dúdú bo Ijoku, ìyókù ìtẹ́ eku fò jáde ní sáléńsà, ó bà sí Ọmọ́bọ̀wálé láyà. Àwọn èèyàn hó yèè. Agbára mi nìkan ló jí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Tawfiq ń ṣe nǹkan kékeré kan nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì lákòókò náà.

A kó gbànja sẹ́yìn, màmá rẹ gun iwájú. Ó ní kì í ṣe tèmi ni òun ń bá lọ, gbànja òun ni òun ń bá lọ. A gbéra. Ọmọ́yẹni, ìwọ ìbá rí wa! Bíréèkì nìkan ló ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀, o ní láti tẹ̀ ẹ́ léraléra kí ó tó rántí. Àwọn ọkọ̀ tò sẹ́yìn mi lọ bíi ti ìsìnkú olówó, kò sí èyí tó láyà láti kọjá mi lójú, wọ́n ń fọn fèrè, èmi náà ń fọn, a jọ ń kí ara wa lọ. Ẹnì kan yọ orí síta, ó nawọ́ sí mi pẹ̀lú ìka márààrún, màmá rẹ ní èébú ni, mo ní ìkíni àwọn ará Èkó ni.

Ibi tí ìyì ti wá pọ̀ ni ibi tí àwọn aláṣọ ìjọba kan tó ń ṣọ́ títì ti dá wa dúró. Mo kọjá wọn díẹ̀ kí n tó dúró, nítorí bíréèkì. Wọ́n yí ọkọ̀ po, wọ́n wo nọ́ńbà rẹ̀ àtijọ́, wọ́n bi mí bóyá mo mọ ọdún tí ìwé rẹ̀ ti parí, mo ní kí wọ́n má fi ṣe àníyàn, a kì í ka ọdún fún àgbà. Ẹ̀rín pa wọ́n. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò èmi náà, mo ká apá agbádá fún wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wọn kọ owó sórí ìwé pélébé kan, ó fà á fún mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní kí n gbé e lọ sí báǹkì kí oṣù tó tán. Owó náà tó owó. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún ọkọ̀ àgbà ni mo gbà pé ó jẹ́. Ìwé náà wà nínú àpò ìwé yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, bá mi gbé e lọ sí báǹkì ní Èkó, kí o gba owó náà, kí o sì yọ owó ọkọ̀ tìrẹ níbẹ̀.

A dé Sábó. Alhaja Hàmdálátù, àgbà oníṣòwò obì tó ń gba gbànja lọ́wọ́ màmá rẹ, jáde láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ní háà, bàbá ọlọ́kọ̀, ẹ ṣì wà láyé? Mo ní èmi àti ọkọ̀ mi. Ó fi fóònù ya wá, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ Bàbá Ifáyẹmí kí wọ́n fi han bàbá, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a kò dé. Igi so, wọ́n ká èso. Mo ra àkàrà fún gbogbo ẹni tó wà nítòsí. Mo ṣẹ́rí padà sílé.

Ọmọ́yẹni, bí mo ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà wa tí mo gbé ọwọ́ lé fèrè, mi ò rí ojú ilẹ̀ mi mọ́. Kòtò ni mo rí. Ọmọ́bọ̀wálé àti àwọn bíríkìlà rẹ̀ ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sójú ibi tí píkọ́ọ̀pù mi ti kúrò láàárọ̀, wọ́n tilẹ̀ ti ń to búlọ́ọ̀kù. Mo tẹ bíréèkì. Kò rántí. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Màmá rẹ ń ké sí bàbá tó bí i. Àwọn bíríkìlà fò, ọ̀kan gbàgbé bàtà, píkọ́ọ̀pù sì fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì wọ inú kòtò náà gbìì, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó kú. Kò sí ẹni tó fara pa, ọpẹ́ ni. Mo jáde, mo gbọn agbádá, mo sọ fún wọn pé bí mo ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn.

Ariwo sọ. Wọ́n lọ pe Bàbá Ifáyẹmí àti Tawfiq. Ọmọ́bọ̀wálé ní ẹ̀yin bàbá, ṣebí bàbá ọlọ́kọ̀ ló ní igi ni? Igi wo ló ń lọ sí Sábó? Ó ní igi tó bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn kúrò lórí ilẹ̀, ó ti yọ̀ǹda ilẹ̀ nìyẹn, òun dé, òun bá ilẹ̀ lófìfo, òun gbẹ́ ẹ. Mo ní ìwọ ọmọ tí ṣòkòtò rẹ ya yìí, wọ́n ní kí ó lọ, ó lọ, wọ́n ní kí ó ru, ó ru, kí ni o tún fẹ́? Ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn àgbà kan ti ń mi orí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ọkàn mi sì já díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ igi náà, èmi ni mo mú un wá. Bàbá Ifáyẹmí yí ọkọ̀ po, ó fi ọ̀pá gbá táyà, ó bi Tawfiq pé ṣé ó tún lè jáde lọ. Tawfiq rá wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó ní irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ ti tẹ̀, kò lè rìn. Bàbá ní kó tún wò ó. Ó tún wò ó, ó ní kò lè rìn. Ni Bàbá Ifáyẹmí bá ní ó tán. Ó ní ohun tó lè lọ, èèyàn ò mọ ibi tó ń gbé, ohun tí kò lè lọ, ibi tó bá wà ló ń gbé. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ yìí kò bá lè kúrò níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Ó gba ilé rẹ̀ lọ. Mo jàre.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, òun náà ló sì jẹ́ kí n tètè kọ ìwé yìí, kí awakọ̀ Èkó lè gbé e wá fún ọ láàárọ̀ ọ̀la. Láti àná ni Ọmọ́bọ̀wálé ti di ọmọ gidi. Ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láàárọ̀ àti lálẹ́, ó ní ọkọ̀ bàbá òun kò gbọdọ̀ kú sínú kòtò, ìtìjú ni. Ó ti wá ṣéènì tí wọ́n máa fi fà á, ó sì ti lọ bá Tawfiq pé òun fúnra òun ni yóò san owó àtúnṣe, kí ó ṣe é kó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kó tún bíréèkì ṣe pẹ̀lú. Tawfiq sì wá sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé iṣẹ́ kékeré ni, ìdajì ọjọ́, òun á nà án, òun á jó o, á máa rìn. Mo ní kó pa ẹnu mọ́. Nítorí náà, owó tí mo fẹ́ kí o fi ránṣẹ́, kì í ṣe owó láti tún ọkọ̀ ṣe. Owó kí Tawfiq má tún un ṣe ni. Ó gbọ́dọ̀ ju èyí tí Ọmọ́bọ̀wálé fẹ́ fún un lọ, torí Tawfiq ṣèèyàn, ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló máa ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Fi ti oògùn màmá rẹ sọ́tọ̀, ó ní fóònù tòun ni kí o fi í ránṣẹ́ sí, òun kò fẹ́ kí báǹkì bá mi dárò mọ́.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí o bọ́ sọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí tó nífẹ̀ẹ́ rẹ lójijì. Ọmọ rẹ kò ní fi ọgbọ́n rẹ dá ọ lẹ́jọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́ létí títì. Ọkọ̀ rẹ yóò máa gbé ọ débi tí o ń lọ, kò sì ní gbé ọ kúrò lórí ohun tó jẹ́ tìrẹ. Fi owó náà ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, Ọmọ́bọ̀wálé ti ń lọ ṣéènì náà mọ́ ara igi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ògúnṣínà Fádáhùnsí,
ọlọ́kọ̀ Ijoku.